Àbúrò mi fẹ́ dárà lófuurufú níbi ọjọ́ ìbí Bàbá, ẹ bá mi dá sí i

ÌyáTọ́mi_Ìjàpọ̀, aago 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá wa máa pé ẹni ọdún 80 ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ìdánrè la ti máa ṣe é, ní pápá ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè. A ti dá aṣọ ẹbí, a ti san owó kánópì, gbogbo ètò ti tò. Àfi bí àbúrò mi tó wà ní Faransé ṣe dé lọ́sẹ̀ tó kọjá tòun ti báàgì kan tó tóbi tó àpò kòkó. Èmi rò pé ẹrù tiwa ni. Ìgbà tó tú u sí pálọ̀ mi, aṣọ ló kún inú rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ọsàn àti búlúù, tí okùn tín-ín-rín tín-ín-rín so mọ́ bí irun àgbàdo. Ó ní paragliding ni wọ́n ń pè é, ó ní ìyẹ́ òun nìyẹn, pé orí òkè lòun ti máa fò wá kí Bàbá.

Ìyẹn nìkan ì bá ṣe é gbọ́. Ohun tó lé oorun lójú mi ni pé tó bá ti dé orí pápá, ó fẹ́ máa yí bí òòyì lórí àwọn àlejò, kó tún máa fì bíi jangirọ́fà sọ́tùn-ún sósì, kí fídíò lè dùn. Mo ní báwo ló ṣe máa ga tó nígbà yẹn, ó ní, "Bí òpó iná 3 báyìí, kí Bàbá lè rí ojú mi." Ó ti bá DJ sọ ọ́, wọ́n ti mú orin tí wọ́n máa fi sí i. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ó ní òun ti fò tó ìgbà 70 lọ́hùn-ún, ó sì fi fídíò àwọn òyìnbó tó ń ṣe é hàn mí. Ṣé àìmọ̀ ló ń dẹ́rù bà mí ni, àbí ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn.

ỌmọỌlọ́jà, aago 7:50

Ìyá Tọ́mi, aṣọ ẹbí yín ṣì kù? Èló ni?

Ẹ bá mi bi í pé ṣé ó rántí pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà lára òkè yẹn. Kó kọ́kọ́ gbé àpò kòkó rẹ̀ gùn ún ná.

ÌyáÀdúrà, aago 7:58

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìjàǹbá níbi ayọ̀. Màá fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà òru òní.

ÀṣáOǹdó, aago 8:31

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ọmọ Oǹdó ni mí, Switzerland ni mo ń gbé, ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń fò. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó lè gùn díẹ̀.

Fífò fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ yìí. Ìyẹ́ yẹn, tó bá ń lọ jẹ́jẹ́, bíi kìlómítà 37 ló ń rìn ní wákàtí kan, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ò sì ju mítà kan lé díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fò sílẹ̀ láti orí àga ìdáná yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo òòyì tó sọ yẹn. Spiral là ń pè é. Ìyẹ́ á dorí kọ ilẹ̀, ẹni tó ń fò á máa yí po bí òkúta inú kànnàkànnà. Kì í pẹ́ rárá tí ìsọ̀kalẹ̀ fi máa kúrò ní mítà 1, tó máa di 15, ó lè kọjá 20. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní òpó iná kan ga tó mítà 10, òpó 3 di mítà 30. Ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ẹ ka ení, ẹ ka èjì. Ilẹ̀ dé.

Ó tún ku ọ̀kan. Nínú spiral tó le, ara èèyàn á wúwo ní ìlọ́po 3 tàbí 4, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á fi orí sílẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ojú á kọ́kọ́ máa ríran bí ẹni tó ń yọjú wo inú páìpù, tó bá yá ó lè ṣú pátá. Àwọn kan ti dákú sínú rẹ̀, ìyẹ́ ò sì mọ̀ pé ẹni tóun gbé ti sùn, ó ń yí lọ títí tó fi kan ilẹ̀. A kì í sì í dédé jáwọ́ nínú rẹ̀. Tó bá tú bíréèkì, ìyẹn okùn tó fi ń darí ìyẹ́, sílẹ̀ lójijì, gbogbo eré tó ti kó jọ á fì í sókè, ìyẹ́ á tún já lọ síwájú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tú u, kó tún yí bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó tẹ́jú. Ibo ló ti fẹ́ rí àyè yẹn lókè kánópì?

Jangirọ́fà ńkọ́? Wingover nìyẹn, òun gan-an ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ó jọ eré ọmọdé. Láti ibi tí èèyàn jókòó sí dé ìyẹ́ lókè tó mítà 7 tàbí 8. Tó bá ti ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, tó sì ń ga sí i, tí àsìkò tó fi ń fa bíréèkì bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, okùn ẹ̀gbẹ́ kan á dẹ̀. Aṣọ sì ni ìyẹ́ yìí o, afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀ àti ẹrù tó ń fa okùn ló mú un dúró. Bí okùn bá ti dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn á ká sínú bí etí ajá. Nígbà mìíràn ṣóńṣó rẹ̀ á há sáàárín okùn, kò ní ṣí mọ́, gbogbo ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. A tún ti padà sínú òòyì nìyẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Tí irú ẹ̀ bá bá mi ní mítà 800, inú mi ò ní dùn, àmọ́ àyè wà. Màá kọ́kọ́ bá a fà á, bóyá á ṣí. Tó bá kọ̀, màá ju páráṣúùtì àfipamọ́, aṣọ kejì tí a dì mọ́ ìjókòó de ọjọ́ ewu. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe páráṣúùtì yẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ sọni kalẹ̀ ju mítà 5.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká sọ pé èèyàn fò bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Ó lè dáni lẹ́sẹ̀, àmọ́ wàá wà láàyè láti sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n kó tó ṣiṣẹ́, ọwọ́ gbọ́dọ̀ wá ìdìmú rẹ̀ rí, kó fà á yọ, kó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí okùn rẹ̀ nà, kí aṣọ rẹ̀ tó gba afẹ́fẹ́. Ní mítà 30, kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ọwọ́ pé nǹkan ti yíwọ́, ó ti parí.

Àwọn ọ̀gá inú fídíò yẹn, orí adágún omi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ibi gíga ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Páráṣúùtì àfipamọ́ 2 ló máa ń wà lára wọn, wọ́n á wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ojú omi á sì dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Fídíò kàn kì í ya ọkọ̀ yẹn ni.

Jagunmólú, aago 8:47

Ẹ fi ọmọkùnrin sílẹ̀ kó ṣe fàájì rẹ̀, àbí kí ni? Ọkadà tí gbogbo wa ń gùn lójoojúmọ́ l'Ákùúrẹ́, ṣé kì í pa èèyàn ni? Ẹ̀rù ló pọ̀ jù lára ẹ̀yin ará ilé.

ÀṣáOǹdó, aago 8:55

Ẹ̀gbọ́n Jagunmólú, ọkadà ni ká lò náà. Èmi ò sọ pé kó má gun ọkadà. Ẹ ti rí àwọn ọmọ tó máa ń gbé táyà iwájú sókè lójú títì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má lọ gbé táyà iwájú sókè láàárín Ọjà Ọba.

Tíṣà_Físíìsì, aago 9:03

Mo ka ìtàn obìnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ewa Wiśnierska rí. Ní oṣù Kejì 2007, ní Australia, ìkùukùu òjò gbé òun àti ìyẹ́ rẹ̀ dé 9,946 mítà. Yìnyín bò ó, ó dákú. Ó sì yè é. Ọkùnrin ará Ṣáínà tí ìkùukùu náà gbé lọ́jọ́ yẹn kò yè é. Tí gíga bá tó báyìí léwu, ṣé kì í ṣe ìsàlẹ̀ ló dáa jù?

ÀṣáOǹdó, aago 9:20

Tíṣà, ìbéèrè tó dára ni. Ìkùukùu òjò ló fẹ́ pa obìnrin yẹn, òtútù àti àìrí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ wá wo bó ṣe yè é: ó dákú, kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, ìyẹ́ ká, ó tún ṣí fúnra rẹ̀, ó ń fò lọ. Ó rí ọ̀pọ̀ kìlómítà òfuurufú nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò kan ohunkóhun. Ìyẹ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ń lò, wọ́n ṣe é kó lè tún ara rẹ̀ ṣe téèyàn bá fi í sílẹ̀, àmọ́ àyè ló fi ń tún un ṣe. Ká ní mítà 30 ló wà nígbà tó ká yẹn, tí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kedere, kò ní rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìdí nìyẹn tí àwa tí a ń fò fi máa ń fọkàn balẹ̀ sí i tí a bá jìnnà sí ilẹ̀. Ẹni tí kò fò rí, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń rò.

Nọ́ọ̀sìÀgbà, aago 9:41

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àwọn tó dá léegun. N kò tíì tọ́jú ẹni tó já láti ojú ọ̀run, àmọ́ mo ti tọ́jú àwọn tó já lórí ọ̀pẹ àti lórí òrùlé, ibì kan náà ló sì máa ń dùn wọ́n: ibi tí eegun ẹ̀yìn ti àyà ti pàdé ti ìbàdí. Tó bá fi ẹsẹ̀ tàbí ìdí balẹ̀, agbára yẹn á gun ẹ̀yìn lọ sókè, eegun kan níbẹ̀ á fọ́ bí ìkarahun ẹyin. Tí èérún rẹ̀ bá kan okùn ọpọlọ tó gba inú ẹ̀yìn kọjá, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa bọ́ láìmọ̀, ẹsẹ̀ á dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Nínú àwọn tí mo ń rí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó gbé wọn wá ló parí iṣẹ́ ìṣubú yẹn. Wọ́n á fa èèyàn dìde lábẹ́ abíyá, wọ́n á ní "dìde, dìde, kò sí nǹkan kan," wọ́n á ká a sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré bí àpò ìrẹsì, orí rẹ̀ á máa mì títí dé ọsibítù. Ọ̀nà Ìdánrè sí Àkúrẹ́ sì lé ní kìlómítà 20.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni yòówù tó bá já láti òkè, ẹ má gbé e jókòó, ẹ má fún un lómi mu. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yí, kí àwọn tó kù wò ó bóyá ó ń mí. Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ wá pákó tó fẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ, kí èèyàn 5 tàbí 6 yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, orí, àyà, ìdí, ẹsẹ̀, kí wọ́n jọ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn kí ó má fò la ń sọ níbí, àmọ́ àwọn ọmọ wa ń gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́.

Ìrìnàjò_Làgbà, aago 9:58

Mo ti gun un rí, ní Ghana, ní òkè Odweanoma ní Kwahu. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ ní àkókò Àjíǹde. Ẹlẹ́ni méjì ni mo gùn, emi níwájú, awakọ̀ lẹ́yìn mi. Kí ọkùnrin náà tó gbéra, ó já koríko gbígbẹ, ó jù ú sílẹ̀ níṣojú ara rẹ̀, ó wò ó. Ó tún já òmíràn. Ó tó ìgbà mẹ́rin kó tó ní ó yá. Èmi rò pé ààtò kan ni.

Nígbà tí a wà lókè pátápátá mo ní kó yí mi díẹ̀, ó yí mi lẹ́ẹ̀kan, ikùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a ti ń rí orí àwọn èèyàn nísàlẹ̀, mo tún ní kó yí mi kí ìyàwó mi rí i. Kò dá mi lóhùn rárá. Ó ń wo aṣọ pupa kan tí wọ́n so mọ́ igi ní pápá, bí ẹni ń ka lẹ́tà. A balẹ̀ tán ló tó padà rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, kí àbúrò yín lọ wo bí àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń ṣe é.

BàbáKòkó_Àlàdé, aago 5:36 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín fún mi lálẹ́ àná, òun náà ló ń bá mi tẹ èyí. Oko kòkó mi wà lẹ́yìn àwọn òkúta yẹn, ó ti lé ní 40 ọdún tí mo ti ń bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbé.

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, láàárọ̀ kùtù, ewé kì í mì. Tó bá ti ń lọ sí aago 11, tí oòrùn ti na òkúta tó wà níhòòhò yẹn, ẹ ò lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán dúró lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa rí àwọn àṣá. Wọn ò ní ju ìyẹ́, wọ́n á kàn nà án, wọ́n á máa yí po, wọ́n á sì máa ròkè. Igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbóná bẹ́ẹ̀, àṣá kì í yí lórí rẹ̀.

Ohun kejì: tí mo bá dáná sun koríko lẹ́yìn òkè lọ́sàn-án, tí afẹ́fẹ́ ń ti iwájú òkè bọ̀, èéfín mi kì í bá afẹ́fẹ́ lọ. Á gòkè díẹ̀, á ṣẹ́rí padà, á tún wá dojú bolẹ̀, á máa yí bí omi lẹ́yìn òkúta odò. Mo ti rí i tó gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ lọ sókè tó tún jù ú mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn tó fẹ́ fò, ṣé ó ti rí èéfín mi?

ÀṣáOǹdó, aago 7:10

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo san owó ńlá kí n tó kọ́ lẹ sọ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n so ó pọ̀ mọ́ ohun tí mo sọ lánàá. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé àṣá ròkè lórí òkúta gbígbóná, afẹ́fẹ́ mìíràn ló ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti dí àyè rẹ̀. Tí ìyẹ́ bá bọ́ láti inú ọ̀kan sínú èkejì, ó lè ká láìjẹ́ pé ẹni tó ń fò ṣe ohunkóhun. Èéfín tó ń yí lẹ́yìn òkè, rotor là ń pè é, a kì í fò sínú rẹ̀ rárá. Pápá tí wọ́n máa pa kánópì sí, iwájú òkè ló wà ni àbí ẹ̀yìn, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́? Aago mélòó ni wọ́n fẹ́ kí ó fò? Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ìnáwó wa, kò sí bí wọ́n ṣe máa pè é kí aago 1 ọ̀sán tó lù. Ìgbà tí òkúta gbóná jù nìyẹn.

OlùfòÌdánrè, aago 8:24

Èmi ni àbúrò tí ẹ ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ibí hàn mí.

Ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ má sọ mí di ọmọ aláìlóye. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Ìyẹ́ mi kì í ṣe ìyẹ́ àwọn alárà, EN B ni, ìyẹn àmì ìpele ààbò rẹ̀, kò ṣòroó fò. Mo ti ṣe wingover ní Annecy, ní Faransé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ọjọ́ tó ká mọ́ mi lórí. Mi ò ní ṣe spiral tó le, kékeré ni. Bàbá ò rí mi fún ọdún 6. Mo fẹ́ kó rí mi kó yangàn ni.

ÀṣáOǹdó, aago 8:40

Àbúrò mi, káàbọ̀. Kò sí ẹni tó pè ọ́ ní aláìlóye. Dá mi lóhùn ìbéèrè 3 péré. Àwọn wingover Annecy yẹn, báwo ni ilẹ̀ ṣe jìnnà sí ọ tó? Ṣé o ti lọ SIV rí, ẹ̀kọ́ orí omi yẹn, tí wọ́n ti máa ní kí o fọwọ́ ara rẹ mú ìyẹ́ ká, kí ọ̀gá sì máa bá ọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò? Ìgbà wo ni wọ́n tú páráṣúùtì àfipamọ́ rẹ tí wọ́n tún un dì kẹ́yìn?

OlùfòÌdánrè, aago 9:02

Ó tó mítà 600 tàbí 700. Mi ò tíì lọ SIV, owó rẹ̀ ni. Páráṣúùtì, ọwọ́ ẹni tó ta ìyẹ́ fún mi ni mo ti rà á, tòun ti ìjókòó rẹ̀. Kò tíì pé ọdún 2 tí mo rà á. Mi ò tíì tú u.

ÀṣáOǹdó, aago 9:09

Lónìí, so ìjókòó yẹn rọ̀ sórí igi, kí o wọ̀ ọ́, akoto lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ rẹ. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ka ení, èjì láti ìgbà tó bá pariwo "jù!" títí páráṣúùtì fi máa kúrò lọ́wọ́ rẹ. Kó má sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tó máa pariwo. Kí ẹ wá sọ iye tí ẹ kà fún wa.

ÌyáTọ́mi_Ìjàpọ̀, aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́.

Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni a so ó mọ́. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti kó jọ, àwọn kan rò pé jangirọ́fà la fẹ́ so fún wọn ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fì díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni ń bá Tọ́mi sọ̀rọ̀, mo wá kígbe lójijì: "Jù!"

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìbàdí, kò bá ìdìmú níbẹ̀. Mo ka ení. Ó wolẹ̀, ó rí i, ó gbá a mú. Èjì. Ó fà á, kò yọ. Ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti bàtà ọmọdé yẹn ti lẹ̀ pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ta. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà ni ohun náà já jáde, ó bọ́ sí ìdí máńgòrò, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣì wà nínú ewé.

Ó ní tó bá jẹ́ òfuurufú ni, afẹ́fẹ́ á ti bá a ṣí i. A fọwọ́ tú u. Àwọn rọ́bà kéékèèké tó dì okùn rẹ̀ ti yọ́ bíi súìtì tó wà nínú mọ́tò lọ́sàn-án, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ okùn. Méjì nínú wọn, ọ̀bẹ la fi gé e.

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ń fi èékánná ha rọ́bà kúrò lára okùn. Ó pẹ́ díẹ̀ ló tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀fà nígbà mítà 15, mélòó ni?"

Tíṣà_Físíìsì, aago 4:22

90. Òpó iná 9.

ÀṣáOǹdó, aago 4:50

Àbúrò, ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún gbogbo wa, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é. Má tún un dì fúnra rẹ, gbé e padà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n dì. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa tú u, pàápàá tó bá ti dé ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa.

Mo mọ ohun tó kàn tí o máa bi mí: ṣé kí o fò tààrà, láìdá àrà? Èmi ò ní fò níbi tí n kò mọ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń rìn, tí ẹnì kankan ò sì tíì fi hàn mí, tí oko kòkó àti wáyà iná yí pápá ká, láìní páráṣúùtì tó ṣeé gbára lé. Ọkọ̀ òfuurufú tún ń bà ní Ọ̀bà-Ilé, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣàkóso òfuurufú mọ̀ sí i kí èèyàn tó gbéra níbikíbi lágbègbè yẹn, kí àwọn tó ń tọ́jú òkè náà sì fọwọ́ sí i.

Àmọ́ o lè gbé ìyẹ́ náà sókè lórí ilẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí ewé tó mì, bí Bàbá Kòkó ṣe wí, kí ẹsẹ̀ rẹ má kúrò nílẹ̀. Akoto lórí síbẹ̀ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá lé ọ díẹ̀, fa àwọn okùn ẹ̀yìn kó wó.

BàbáKòkó_Àlàdé, aago 6:05

Kó wá bá mi lóko lọ́jọ́ Ẹtì. A ó jọ wo àṣá. Kó mú omi tirẹ̀ dání.

OlùfòÌdánrè, aago 6:30

Màá wá, sà.

ÌyáTọ́mi_Ìjàpọ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, aago 11:17 àárọ̀

Ẹ kú ọdún o. Ẹ bá wa yọ̀, inawo ti kọjá, ó dùn.

Kò fò. Ní aago 7 àárọ̀, kí alásè tó dáná, ó tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sórí pápá. Bàbá ti jí, wọ́n gbé àga fún un. Àbúrò mi dojú kọ ìyẹ́ náà, ó fa okùn, aṣọ ọsàn àti búlúù yẹn dìde lórí koríko bí ẹni jí lójú oorun, ó dúró lókè orí rẹ̀ gbọn-in. Àwọn ọmọdé hó. Ó rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ewé máńgòrò ẹ̀gbẹ́ pápá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì wó o lulẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá Kòkó ló kọ́ òun ní ti ewé. Oṣù Karùn-ún ló fẹ́ lọ ṣe ẹ̀kọ́ orí omi yẹn. Èmi ni mo máa san ìdajì owó rẹ̀, kó má sọ pé owó ni.

Bàbá dìde, ó lọ tẹ̀ ba ìyẹ́ náà, ó fi àtàǹpàkò àti ìka rin in wò. Ó wo àbúrò mi, ó ní, "Aṣọ yìí dára. Èló ni ọ̀pá kan?"